Kí ẹ tó ra clé Wi-Fi mìíràn fún Linux yín: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Lọ́jọ́ ọjà, bàbá olùkọ́ kan wọlé bá mi nítòsí Àkábà Ìdénà, ní Kétu níbí, ó sì to clé Wi-Fi mẹ́ta sórí tábìlì, àwọn ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ihò USB kí kọ̀ǹpútà lè mú Wi-Fi. Ó ra èkíní, kò ṣiṣẹ́. Ó ra èkejì, ó tún ra ẹ̀kẹta. “Ọmọ mi, gbogbo wọn ló ti kú.” Bàbá, ọ̀kan kò kú nínú wọn. Owó tó ti ná ló dùn mí.

Ẹ má fi orúkọ ara páálí wá dráífà, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ṣíìpù inú clé ni Linux ń wò. Méjì nínú ti bàbá jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ lsusb, àṣẹ tó ń to àwọn ohun USB tó wà lára kọ̀ǹpútà, ọ̀kan gbé 148f:7601 jáde, ti ilé-iṣẹ́ MediaTek. Èkejì gbé 0bda:8179 jáde, ti ilé-iṣẹ́ Realtek. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta gbé 0bda:1a2b jáde. Bàbá rí àmì CD lójú kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ setup.exe inú rẹ̀ títí ó fi sú u. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Windows ló ni fáìlì yẹn. Irú clé yìí máa ń kọ́kọ́ díbọ́n bíi CD kí Windows lè rí dráífà mú. Ẹ tẹ Eject lórí CD náà, tàbí kí ẹ lo usb_modeswitch, irinṣẹ́ tó ń yí irú clé bẹ́ẹ̀ padà sí Wi-Fi. Tiwa yí padà di 0bda:c811, dráífà rẹ̀ sì ti wà nínú kernel, ọkàn Linux, láti ẹ̀yà 6.2, lọ́dún 2023.

Èyí tó burú jù ni kí èèyàn máa da àṣẹ sudo, èyí tó ń lo agbára alákòóso, tí kò yé e sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fa clé yọ, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, kí ẹ tẹ sudo dmesg lójú ẹsẹ̀, láti ka ohun tí kernel ń sọ. Ti MediaTek yẹn sọ tẹnu ẹ̀ kedere: mt7601u.bin, “failed with error -2”. Firmware ni kò rí, ìyẹn ètò kékeré tí ṣíìpù fúnra rẹ̀ ń lò. Dráífà ti wà nínú kernel láti ọdún 2015; òru tí bàbá fi ń kọ́ dráífà lọ́wọ́ ara rẹ̀ ṣòfò. Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ó fi gbé firmware wọlé, ẹ fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ pín ti fóònù fún un.

Ẹ má gbàgbé rfkill list, àṣẹ tó ń fi hàn bóyá wọ́n ti pa Wi-Fi: bí ẹ bá rí “Soft blocked: yes”, rfkill unblock wifi ti tó. Bí ẹ bá sì kọ́ dráífà fúnra yín láìlo DKMS, irinṣẹ́ tó ń tún dráífà kọ́ fún kernel tuntun, ọjọ́ tí kernel bá yí padà ni Wi-Fi máa lọ.

Ó ku 0bda:8179. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń já ṣáá. Ẹ̀gbẹ́ díìsìkì USB 3 ni bàbá kì clé náà bọ̀, bẹ́ẹ̀ USB 3 máa ń da ìgbì 2.4 GHz rú. Mo fi okùn USB kúkúrú gbé e jìnnà díẹ̀. Kò já mọ́.