Bí A Ṣe Ń Ya Fótò Oníná ní Sítúdíò Láìjẹ́ Pé Ojú Oníbàárà Dì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iná fíláàṣì tó ya fótò náà ló mú kí ojú dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ọ̀pọ̀ fíláàṣì sítúdíò kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú ìdá 100 ìṣẹ́jú àáyá kó tó kú, nígbà tí ojú tó ń ṣẹ́ a máa lò tó ìdá kan nínú ìdá 10, ó kéré tán. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú iná ni kí a wò.

Ètò TTL, èyí tí kámẹ́rà fi ń díwọ̀n agbára fíláàṣì fúnra rẹ̀, ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Fíláàṣì tó bá wà lórí rẹ̀ a kọ́kọ́ bu iná kékeré jáde láti fi wọn ìmọ́lẹ̀, kí iná gidi tó tẹ̀ lé e. Ìpéǹpéjú ẹlòmíràn yára débi pé iná kékeré yẹn á ta á jí, iná gidi á sì ká a mọ́ ibi tó ti ń dì lọ. Nítorí náà, ẹ yí fíláàṣì sí manual, níbi tí ẹ ó ti fi ọwọ́ ara yín yan agbára iná, kí ẹ sì pa iná tí kámẹ́rà fi ń dènà ojú pupa. Bí TTL bá di dandan, ẹ tẹ bọ́tìnnì FE lock lára kámẹ́rà Canon, tàbí FV lock lára Nikon, kí iná kékeré ti tàn kọjá. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà ṣẹ́jú tán, kí ẹ tó yà á.

Ẹ má jẹ́ kí yàrá ṣókùnkùn, nítorí iná tó já lu ojú tí òkùnkùn ti mọ́ lára máa ń dùn ún. Ẹ tan gílóòbù inú fíláàṣì sílẹ̀. Bí ẹ bá sì gbé ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí) láti 100 sí 400, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára iná tẹ́lẹ̀ ti tó yín.

Ìwà àwa tí à ń yà á ló kù. Ìyá kan wé gèlè wá ya fótò ọjọ́ ìbí 70 ọdún. Mo ń ka “ení, èjì, ẹ̀ta” fún wọn, ojú wọn sì ń dì ní gbogbo ìgbà. Èmi ni mo jẹ̀bi: kíkà mi ló ń sọ ìgbà tí iná máa tàn fún wọn, wọ́n sì ń dijú dè é. Mo wá ní kí wọ́n dijú ná, kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n lajú bí mo bá ti pe “Mọ́mì”. Wọ́n lajú, mo dúró díẹ̀ kí ojú balẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó ranjú sílẹ̀, nítorí ojú tó bá gbẹ yóò ṣẹ́ dandan. (Àwọn tó lẹ irun ojú tó wúwo, ẹ ní kí wọ́n wo òkè kámẹ́rà díẹ̀.)

Fún ọ̀pọ̀ èrò, Piers Barnes àti Nic Svenson ní Ọsirélíà, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Ig Nobel (ẹ̀bùn fún ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú) ní 2006, ti bá wa ṣírò iye fótò tó yẹ ká yà kí a lè rí ọ̀kan tí ojú ẹnikẹ́ni kò dì. Bí èrò náà kò bá tó 20, ẹ fi 3 pín iye wọn níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti dára, ẹ fi 2 pín in níbi tí kò bá ti dára; iye fótò tí ẹ ó yà nìyẹn. Ẹbí ẹni 12 á gba 4 tàbí 6. Èmi a fi méjì kún un bí ọmọdé bá wà níbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ẹ fẹ fótò náà tóbi lójú kámẹ́rà, kí ẹ wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.