Bẹ́ ẹ ṣe lè ka ìròyìn ogun ayé ìsinsìnyí kó yé yín

Ẹ dé ìdí ìwé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn láàárọ̀, ẹ máa bá àwọn bàbá lẹ́nu àríyànjiyàn, ẹnìkan á ní ṣọ́jà Rọ́ṣíà ló pọ̀ jù, èkejì á ní kò sẹ́ni tó tó Amẹ́ríkà. Ẹ má bá wọn ka orí ṣọ́jà jàre. Bí mo ṣe ń kà á rèé.

Ọ̀nà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ibo lẹrù ń gbà wọlé, ta ló sì lè dí i? Ó yẹ kéyìí tètè yé ará Ìbàdàn, torí ohun tójú wa rí nígbà ogun Kírìjì nìyẹn. A ní jagunjagun, Ààrẹ Látòósà, olórí ogun wa, ń bẹ níbẹ̀, àmọ́ Ẹ̀gbá àtÌjẹ̀bú dínà Èkó mọ́ wa, àwọn Èkìtìparapọ̀ tá à ń bá jà sì ń rí ìbọn òyìnbó tí wọ́n ń ti ìdí ki ọta sí gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó, ó ń gba Oǹdó wọlé fún wọn, ẹnu ìbọn làwa ṣì ń ro ẹ̀tù sí. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, 1893 ló tó tú ká.

Ẹ wá fi wo Òkun Pupa. Ní oṣù kọkànlá 2023 làwọn Houthi, ẹgbẹ́ ológun kan ní Yemen, bẹ̀rẹ̀ sí í fi mísáìlì àti dróònù lu ọkọ̀ ẹrù, làwọn ọkọ̀ ńláńlá bá pa Suez, ọ̀nà omi tó gba Íjíbítì kọjá, tì, wọ́n ń yí gba ìdí Gúúsù Áfíríkà kí wọ́n tó dé Yúróòpù. Wọn ò gba ìlú kankan o, ọ̀nà ni wọ́n bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú nǹkan ìjà wò bíi mẹkáníìkì. Nínú dróònù àti mísáìlì Rọ́ṣíà tó já lulẹ̀ ní Ukraine, wọ́n bá ṣíìpù, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà níbẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì táwọn ṣọ́jà Ukraine ń lò lójú ogun ńkọ́? Starlink tó ń ti ojú sánmà wá ni, oníṣòwò aládàáni ló ni ín. Torí náà ẹ máa bèèrè ẹni tó lè pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹfà 2017, vírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà kan gba inú sọ́fúwià ìṣirò owó ní Ukraine jáde, ó sì dá iṣẹ́ Maersk, oníṣẹ́ ọkọ̀ òkun ará Dẹ́nmákì, dúró káàkiri ayé.

Ẹ bi oníbúrẹ́dì yín náà. Rọ́ṣíà àti Ukraine wà lára àwọn tó ń ta àlìkámà jù láyé, òkèèrè sì lèyí tó pọ̀ jù nínú tiwa ti ń wá, ìdí nìyẹn tógun 2022 fi kan fúláwà ní Bódìjà.

Ní ti fídíò, ẹ ya àwòrán kan nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi Google Lens, tó ń wá ibi tí àwòrán ti jáde, wò ó kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi kan jù sórí WhatsApp ẹbí wa, ọkọ̀ òfuurufú tó ń jó, géèmù ni.