Bí Mo Ṣe Rí Ojúlówó Pósítà Iṣẹ́ Ọ̀gbìn Ìgbà Ogun Mẹ́rin Kó Jọ

Pósítà mẹ́rin ni mo pinnu láti ní, n kò sì fẹ́ kí ọ̀kankan nínú wọn jẹ́ àdàkọ. Àwọn tí mo ń wá ni èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní àti Ìkejì, láti fi pàrọwà fún ará ìlú pé kí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sí àyíká ilé wọn, kí wọ́n sì tọ́jú ohun tí wọ́n bá kórè. Ohun tó fà mí mọ́ wọn ni pé kì í ṣe ọmọ ogun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó ilé àti ẹni tó ní ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn ilé ni wọ́n ń sọ fún pé ọkọ́ ọwọ́ wọn náà wúlò fún ogun. Ọdún méjì gbáko ni ó gbà mí kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó pé.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà já mi kulẹ̀. Iṣẹ́ ayàwòrán James Montgomery Flagg ti ọdún 1918 ni wọ́n pè é, "Sow the Seeds of Victory!", níbi tí obìnrin kan tó fi àsíá Amẹ́ríkà ṣe aṣọ ti ń fún irúgbìn sórí oko tí wọ́n ti túlẹ̀ rẹ̀. Àwòrán náà wù mí débi pé n kò yẹ nǹkan mìíràn wò. Nígbà tí mo gbé e wọ iyàrá tó ṣókùnkùn, tí mo sì tan iná UV, ìyẹn iná tí ojú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, sí i, ńṣe ni bébà náà ń tàn yòò, ó funfun, ó sì ń ṣe bí búlúù. Kẹ́míkà tó ń mú kí bébà tàn báyìí kò wọ́pọ̀ títí di nǹkan bí ọdún 1950, nítorí náà bébà yẹn kò lè jẹ́ ti 1918. Mo dá a padà, mo sì gba owó mi. Láti ọjọ́ náà, bébà ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó wo àwòrán. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo tó rí ojúlówó rẹ̀ rà, ó sì ti ya ní etí kan.

Ọgbọ́n tí a fi ń yẹ pósítà ogun kìíní wò kò bá ti ogun kejì mu pátápátá. Ọ̀pọ̀ pósítà ogun kìíní ni wọ́n yà sórí òkúta ìtẹ̀wé. Bí a bá fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, àwọ̀ rẹ̀ máa ń rí bí ẹfun tí a fà sára ògiri, nígbà tí ti àdàkọ máa ń jẹ́ àmì tótòtó tó tò lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó bá gbé ìlànà yìí lé pósítà ọdún 1943 lè ju ojúlówó nù, nítorí ẹ̀rọ òfúséètì ni wọ́n fi tẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn, àmì tótòtó sì lè wà lára ojúlówó pàápàá. Lára àwọn wọ̀nyí, ìlà lẹ́tà wínníwínní tó wà nísàlẹ̀ ni mo máa ń wá, níbi tí iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé ìjọba, U.S. Government Printing Office, ti kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún. Èyí tí Office of War Information, iléeṣẹ́ ìròyìn ogun tí ìjọba dá sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1942, bá gbé jáde sì sábà máa ń ní nọ́ńbà pósítà tirẹ̀. Àdàkọ lè ní ìlà yìí pẹ̀lú, nítorí náà n kì í fi òun nìkan ṣe ẹ̀rí.

Àpá kíká ló dà mí láàmú jù. Mo ti kọ̀ láti ra pósítà méjì nítorí rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kíká ni wọ́n máa ń ká ọ̀pọ̀ pósítà ogun kejì kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ káàkiri.

Lẹ́yìn èyí, kò pẹ́ tí mo fi rí "Plant a Victory Garden" ti 1943. Mo tún rí èyí tí Al Parker yà ní ọdún kan náà, níbi tí ìyá àti ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń rọ ẹ̀fọ́ sínú ìgò. Ìgbà tí ó jáde ṣe pàtàkì, nítorí oṣù kẹta ọdún 1943 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi póìǹtì tí wọ́n pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan díwọ̀n oúnjẹ inú agolo tó lè rà. "Of course I can!" tí Dick Williams yà ní 1944 ló parí rẹ̀, obìnrin inú rẹ̀ gbé ìgò mọ́ra, ó sì ń sọ pé póìǹtì kò ní da òun láàmú.

Ti Flagg nìkan ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ atúnwèéṣe, ẹni tó fi lẹ́ẹ̀ sítáàsì àlìkámà lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà Japan àti aṣọ òwú, nítorí omi ṣì lè tú lẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ iwájú. Mẹ́ta yòókù wà nínú ọ̀rá pólíẹ́sítà, wọ́n tẹ́jú nínú dúrọ́ọ̀, wọn kò sì rí oòrùn. Atúnwèéṣe náà bi mí bóyá kí òun na àpá kíká ara wọn. Mo ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ká wọn nígbà tí wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́.