Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Tí GC Fi Ń Pa Ètò Lisp Nígbà Tí A Bá Lo -O2

Ètò tó ń túmọ̀ Lisp, tí a fi èdè C kọ, lè ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà pẹ̀lú -O0 (àṣẹ tó ní kí kọ̀ǹpáílà, ohun tó ń sọ èdè C di èdè ẹ̀rọ, má ṣe mú ètò yára), kí ó sì máa kú lójijì pẹ̀lú -O2 (èyí tó ní kí ó mú un yára). Àwọn ènìyàn a máa di ẹ̀bi náà ru kọ̀ǹpáílà, bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Ohun tó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé GC, ìyẹn apá tó ń kó ohun tí ètò kò lò mọ́ kúrò nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, kò rí pọ́íńtà kan, ìyẹn àdírẹ́sì ohun kan nínú ìrántí, tí ètò ṣì ń lò, ó sì gba àyè ohun náà.

Ẹ kọ́kọ́ mú kí ìkú náà tètè máa ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí GC ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ètò bá béèrè fún sẹ́ẹ̀lì tuntun (àyè kékeré tí Lisp ń fi dátà sí), kí ẹ sì fi nọ́ńbà bíi 0xDEADBEEF kún sẹ́ẹ̀lì tí GC bá gbà, láì tún un lò. Ètò yóò falẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n àṣìṣe kò ní lè fara pamọ́ mọ́. Ẹ ṣọ́ra fún printf, àṣẹ C tó ń kọ ọ̀rọ̀ jáde, níbí, nítorí pé ó lè yí bí kọ̀ǹpáílà ṣe ń lo register (àyè kékeré inú ẹ̀rọ ìṣirò fúnra rẹ̀) padà, kí àṣìṣe sì dà bí ẹni pé ó ti lọ.

Ibi tí ètò kú sí kọ́ ni ibi tí ẹ̀bi wà. Nínú gdb, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ ká wo inú ètò bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣàkíyèsí àdírẹ́sì sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́, ẹ fi watchpoint (tó ń dá ètò dúró bí ohun tó wà níbẹ̀ bá yí padà) ṣọ́ ọ, kí ẹ sì tún ètò náà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí GC bá kọ nọ́ńbà yẹn sí i, àṣẹ bt yóò fi àwọn function (àwọn apá ètò tó ní iṣẹ́ tiwọn) tó pe ara wọn dé ibẹ̀ hàn. Ọ̀kan nínú wọn ló di pọ́íńtà náà mú.

Ẹ wá ka function náà fínnífínní. Nínú cons(eval(a), eval(b)), tó ń ṣírò a àti b, tó sì so àbájáde wọn pọ̀ sínú sẹ́ẹ̀lì kan, èdè C kò sọ èyí tí yóò ṣáájú, àbájáde èyí tó ṣáájú sì lè wà nínú register nìkan nígbà tí èkejì bá jí GC. Bí GC yín bá ń béèrè pé kí a forúkọ gbogbo pọ́íńtà sílẹ̀, ẹ pín ìlà náà sí méjì, kí ẹ sì forúkọ àbájáde àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó pe èkejì.

Bí ó bá jẹ́ pé stack (ibi tí àwọn function ń kó ohun tí wọ́n ń lò sí) ni GC ń yẹ̀ wò fúnra rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí àwọn register pẹ̀lú. Setjmp, tó ń tọ́jú àwọn register, ni ọ̀pọ̀ ń lò fún èyí, ṣùgbọ́n glibc (àkójọ function C ti Linux) lórí ẹ̀rọ x86-64 a máa yí rbp, ọ̀kan nínú àwọn register náà, padà kí ó tó tọ́jú rẹ̀, -O2 sì lè fi pọ́íńtà Lisp sínú rbp gan-an. Nítorí náà, __builtin_unwind_init ti kọ̀ǹpáílà GCC, tó ń fi àwọn register sórí stack, sàn jù, nínú function tí a kọ noinline sí (kí kọ̀ǹpáílà má bàa dà á pọ̀ mọ́ èyí tó pè é), tí yóò wá pe èyí tó ń yẹ stack wò. Ẹ tún wo lúùpù tó ń rìn lórí vector (ọ̀wọ́ àwọn nǹkan tó tò tẹ̀ léra): kọ̀ǹpáílà lè fi pọ́íńtà àárín nìkan sílẹ̀, kí ó ju ti ìbẹ̀rẹ̀ nù. Kí GC lè rí ìbẹ̀rẹ̀ náà, ẹ fi vector yẹn fún asm volatile tó ṣófo (ìlà tí kò ṣe nǹkan kan, àmọ́ tí kọ̀ǹpáílà kò lè yọ) lẹ́yìn lúùpù.

Bí ẹ kò bá tíì rí function náà, ẹ fi -O0 ṣe ìdajì àwọn fáìlì, ẹ fi -O2 ṣe ìyókù, kí ẹ máa pín in bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ku fáìlì kan ṣoṣo.