Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tẹ́ Ẹ Bá Ń Kọ Nípa Àìsàn Alzheimer Sórí Wikipedia

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tún àyọkà ṣe lórí Wikipedia, tó bá ti dórí àìsàn Alzheimer, àìsàn tó máa ń ba ọpọlọ àti ìrántí jẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra ṣe. Kì í ṣe ọmọ iléèwé tó ń ṣe asáínmẹ́ǹtì nìkan ló ń ka ojú ewé yẹn o, ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ohun tó ń ṣe ìyá ẹ̀ nìyẹn náà ń kà á, ohun tó bá sì bá níbẹ̀ ló máa gbà gbọ́. Gbólóhùn tí ò ní ìtọ́ka kankan ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù, torí ẹni tó bá kà á máa fura. Èyí tó burú ni gbólóhùn tí wọ́n fi pépà gidi látinú jọ́nà gidi tì lẹ́yìn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá lọ ka pépà ọ̀hún, kò sọ tó ohun tí wọ́n ló sọ.

Àkọ́kọ́, tó tún wọ́pọ̀ jù: èèyàn á ka ìròyìn láàárọ̀ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí nǹkan tó ń lé Alzheimer lọ, kó tó dọ̀sán ó ti wà nínú àyọkà. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí pépà tí ìròyìn yẹn ń sọ, ẹ ó rí i pé eku ni wọ́n fún lóògùn. Eku kì í sì í dédé ní Alzheimer, jíìnì ẹ̀ ni wọ́n yí padà kí amyloid, ìyẹn èròjà purotéènì kan, lè máa kóra jọ sínú ọpọlọ ẹ̀, òògùn tó ti ran irú eku bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ pọ̀ lọ jàra, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ ló ṣiṣẹ́ lára èèyàn nínú wọn. Ẹ má fi eku kọ ìtàn èèyàn. Kódà tó bá jẹ́ èèyàn ni wọ́n fi ṣe é, ìwádìí kan ṣoṣo ò tó. Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlànà kan fún ọ̀rọ̀ ìṣègùn, MEDRS ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì ń sọ ò le rárá: ẹ wá pépà tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ tó sì gbé wọn yẹ̀ wò, tàbí ìlànà ìtọ́jú tí WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, tàbí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ńláńlá gbé jáde, tàbí ìwé ìṣègùn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn dókítà, kó sì jẹ́ èyí tó jáde láàárín nǹkan bí ọdún 5 sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá lè rí i. Lórí PubMed, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá pépà ìṣègùn, ẹ kàn tẹ àpótí Review tàbí Systematic Review tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì tẹ́ ẹ wá, ó tán. Àwọn kan máa ń rí i pé pépà kan jẹ́ peer-reviewed, wọ́n á ní ṣebí review náà nìyẹn. Rárá o, ìyẹn kàn ń sọ pé àwọn onímọ̀ mìíràn kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ni.

Èkejì ni kéèyàn fi pépà sílẹ̀ níbẹ̀ bó ṣe wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìpadà wò ó. Ní 2006, pépà kan jáde nínú jọ́nà Nature pé oríṣi amyloid kan tí wọ́n pè ní Aβ*56 ló ń ba ìrántí eku jẹ́, pépà náà gbayì gan-an, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pépà mìíràn ló tọ́ka sí i. Ní oṣù kẹfà 2024 wọ́n fa pépà yẹn padà, ìyẹn ni pé kò ṣeé gbára lé mọ́, torí àwòrán inú ẹ̀ tó hàn pé wọ́n ti fọwọ́ kàn. Àyọkà tó bá ṣì ń tọ́ka sí i bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ ti ṣìnà. Àmọ́ ẹ tún wo àwọn tó wà lódì kejì o, àwọn yẹn ti lọ kọ ọ́ pé irọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ amyloid látilẹ̀wá, ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ amyloid ò dúró lórí pépà kan. Àwọn ìdílé wà tí ìyípadà nínú jíìnì APP, PSEN1 tàbí PSEN2 ń mú kí wọ́n ní Alzheimer kí wọ́n tó di arúgbó, àwọn tó ní Down syndrome náà sì máa ń ní in púpọ̀ torí jíìnì APP wà lórí krómósómù 21 tí wọ́n fi ọ̀kan ju àwa yòókù lọ. Pé amyloid nìkan ló ń fà á, tàbí pé kò lọ́wọ́ sí i rárá, àríyànjiyàn ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé àríyànjiyàn wà, ẹ jẹ́ kó mọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dórí òògùn, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ẹ wo lecanemab. Ohun tẹ́ ẹ máa rí níbi gbogbo ni pé ó dín bí àìsàn náà ṣe ń le sí i kù ní 27%. Irọ́ kọ́ o. Àmọ́ nínú ìwádìí yẹn, tí wọ́n fi nǹkan bí 1,800 èèyàn ṣe fún oṣù 18, òṣùwọ̀n tí wọ́n lò bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 18, bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ń burú sí i. Àwọn tó gba òògùn fi 1.21 burú sí i, àwọn tí wọ́n fún ní placebo, ìyẹn èyí tó jọ òògùn àmọ́ tí kò sí òògùn kankan nínú ẹ̀, fi 1.66 burú sí i, ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 0.45. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó ka 27% nìkan lè máa rò pé ara ìyá òun máa yá, bẹ́ẹ̀ àtàwọn tó gba òògùn àtàwọn tí ò gbà á ló ń burú sí i, ti apá kan ló kàn falẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa kọ 27% yẹn, ẹ kọ 0.45 tì í, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ pé àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá èèyàn lè fojú rí ìyàtọ̀ yẹn nínú ìgbésí ayé aláìsàn. Ẹ má gbàgbé ewu inú ẹ̀ o, ọpọlọ lè wú tàbí kó ṣẹ̀jẹ̀, ARIA ni wọ́n ń pè é, ó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tó ní ẹ̀dà méjì jíìnì kan tó ń jẹ́ APOE4. Kò dáa kí oore òògùn wà nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ kí ewu ẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tẹ́nì kankan ò ní kà dé.

Lórí òògùn yìí náà, «wọ́n ti fọwọ́ sí i» ò tó gbólóhùn. Ta ló fọwọ́ sí i, nígbà wo, fún ta ni? FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí òògùn ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gba lecanemab wọlé lọ́nà àkànṣe ní oṣù kìíní 2023, wọ́n wá fọwọ́ sí i pátápátá ní oṣù keje ọdún yẹn. Ìgbìmọ̀ EMA, àjọ òògùn ti Yúróòpù, ní àwọn ò gbà ní oṣù keje 2024, wọ́n tún yí ohùn padà ní oṣù kọkànlá, àmọ́ wọ́n yọ àwọn tó ní APOE4 méjì kúrò. Aducanumab tí FDA gbà wọlé ní oṣù kẹfà 2021 ńkọ́? Ní 2024, iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ló fúnra wọn pa á tì. Àyọkà tí wọ́n kọ «òògùn tuntun» sí láìfi ọdún sí i máa ń di irọ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Donepezil àti memantine tó ti wà tipẹ́ náà, ẹ má kọ pé wọ́n ń wò ó sàn, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, àmì àìsàn ni wọ́n ń bá èèyàn dín kù.

Nọ́ńbà náà ń kó èèyàn láyà jẹ. WHO sọ pé mílíọ̀nù 57 èèyàn ló ní dementia lágbàáyé ní 2021. Dementia ni wọ́n wí o, ìyẹn orúkọ àpapọ̀ fún àwọn àìsàn tó ń ba ìrántí àti ìrònú jẹ́, kì í ṣe Alzheimer nìkan. Alzheimer jẹ́ nǹkan bí 60 sí 70% nínú ẹ̀, àmọ́ mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé gbogbo mílíọ̀nù 57 yẹn lé Alzheimer lórí. Bákan náà ni ìgbìmọ̀ jọ́nà Lancet: ní 2020 wọ́n ní nǹkan 12 tó ń fa ewu dementia ló ṣeé yí padà, pé téèyàn bá yí gbogbo wọn padà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dènà 40% nínú dementia tàbí kí wọ́n dá a dúró fúngbà díẹ̀, ní 2024 ó di nǹkan 14 àti 45%. Àwọn kan ti tún nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe, wọ́n gbàgbé ìkejì, ó wá di 14 àti 40%. Dementia lápapọ̀ ni 45% yẹn náà sì ń sọ, gbogbo ará ìlú pọ̀ ló sì kàn, kò ní kí ẹnì kan máa sọ pé tóun bá ń ṣe eré ìdárayá, òun ti bọ́ nínú 45% nìyẹn.

APOE4 kì í ṣe «jíìnì Alzheimer». Ó ń mú kí ewu pọ̀ sí i ni, ẹni tó ní i lè dàgbà dọjọ́ ikú láìní Alzheimer, ẹni tí ò sì ní i lè ní in.

Pé epo àgbọn ń wo Alzheimer sàn, pé ewé ginkgo ń dènà ẹ̀, pé ìkòkò alumíníọ̀mù ló ń fà á, ẹ ò ní fẹ́ mọ iye ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ báyìí ń padà wá sínú àyọkà. Wọ́n dán ginkgo wò lára àgbàlagbà tó lé ní 3,000, èsì jáde ní 2008, kò dènà dementia. Ẹ lè dárúkọ ẹ̀ ní gbólóhùn kan, ẹ má fún un ní ìsọ̀rí tiẹ̀ kó wá dà bíi pé ó ṣì kù díẹ̀ kí wọ́n mọ̀.

Ti ìtàn náà rèé, kíákíá: dókítà Alois Alzheimer pàdé aláìsàn obìnrin kan, Auguste Deter, ní Frankfurt ní 1901, lẹ́yìn tí obìnrin náà kú ní 1906 ni dókítà yìí yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò, ọdún yẹn náà ló sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ ní Tübingen. Kò sọ àìsàn náà lórúkọ ara ẹ̀ o, dókítà ọpọlọ mìíràn, Emil Kraepelin, ló ṣe ìyẹn nínú ìwé ẹ̀ ní 1910.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tú àyọkà láti èdè kan sí òmíràn, ẹ má kọ́pì ìtọ́ka tẹ́ ẹ ò ṣí wò. Líǹkì lè ti kú, pépà lè ti di èyí tí wọ́n fà padà, ẹni tó kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ sì lè má kà ju àkótán òkè lọ. Ìwé ìròyìn mìíràn tiẹ̀ wà tó jẹ́ inú Wikipedia ló ti mú ọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá wá fi ìwé ìròyìn yẹn ṣe ẹ̀rí fún Wikipedia, àyọkà ti ń jẹ́rìí ara ẹ̀ nìyẹn. Tó bá sì jẹ́ iléeṣẹ́ òògùn ló ń sanwó fún yín, ẹ sọ ọ́ síta, kẹ́ ẹ gbé àbá yín sórí ojú ewé ìjíròrò kí ẹlòmíì bá yín fi sí i. Ojú ewé ìjíròrò yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbà lọ tẹ́ ẹ bá yọ gbólóhùn kan kúrò, ẹ kọ ìdí tẹ́ ẹ fi yọ ọ́ àti pépà tẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò, torí láìpẹ́ ẹnì kan á tún ka ìròyìn eku yẹn, á sì fẹ́ dá a padà.