Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn Penobscot

Bí a bá fẹ́ dárúkọ àwọn tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, “Red Indian” ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ sí wa lẹ́nu. Fíìmù ló kọ́ wa. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Àwọn èèyàn yìí kò bá ará Índíà tan. Columbus ló ṣì wọ́n pè, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn. Lóòótọ́, Indian Island ni orúkọ erékùṣù àwọn Penobscot, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn yìí, ní ìpínlẹ̀ Maine títí dòní, àwọn kan nínú wọn sì ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ara wọn. Tiwọn nìyẹn. Kí àwa àlejò máa pè wọ́n ní Penobscot, tàbí Wabanaki bí a bá ń sọ ti àwọn àti ìbátan wọn: Passamaquoddy, Maliseet, Mi'kmaq àti Abenaki. Ìtumọ̀ Wabanaki ni àwọn ará ilẹ̀ ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni kí èèyàn máa sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni ń pàlọ́: “Láyé àtijọ́, àwọn kan wà...” Wọ́n ṣì wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Old Town ni Indian Island wà. Wọ́n ní ìjọba tiwọn níbẹ̀, wọ́n ń dìbò yan olórí, wọ́n ní ilé ẹjọ́ àti ilé ìwé. Charles Norman Shay, ọmọ Penobscot, wà ní etíkun Omaha ní Normandy, ilẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ 6 oṣù kẹfà 1944, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn tó gbọgbẹ́ ló ń tọ́jú, ó sì ń padà sínú òkun lábẹ́ ọta ìbọn láti fà wọ́n jáde kí omi tó gbé wọn lọ. Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ Silver Star. Síbẹ̀, nígbà tí ogun parí, ìpínlẹ̀ Maine kò jẹ́ kí àwọn ará Indian Island dìbò. Ọdún 1954 ni wọ́n tó lè dìbò ti àpapọ̀. Ti ìpínlẹ̀ di 1967.

Ẹ má fi ẹṣin, àgọ́ ṣóńṣó àti adé ìyẹ́ gígùn ya àwòrán wọn. Ti àwọn ará pápá ìwọ̀ oòrùn nìyẹn. Inú igbó olódò ni Penobscot ń gbé. Èèpo igi birch ni wọ́n fi ń bo ilé, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi fúyẹ́fúyẹ́ tó ṣeé gbé rù kọjá ibi tí odò ti ń ru. Ohun tó da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé àwọn kan nínú wọn wọ irú adé bẹ́ẹ̀ fúnra wọn nígbà tí wọ́n ń ṣeré fún arìnrìn-àjò afẹ́, torí ohun tí oníbàárà fẹ́ rí nìyẹn. Lucy Nicolar, olórin Penobscot, àti ọkọ rẹ̀ Bruce Poolaw, ọmọ Kiowa láti Oklahoma, ṣí ṣọ́ọ̀bù agbọ̀n sí Indian Island, wọ́n sì kọ́ ọ ní ìrísí àgọ́ ṣóńṣó. Ẹni tó bá rí fọ́tò rẹ̀ láìmọ ìtàn á rò pé bí ilé Penobscot ṣe rí nìyẹn.

Bí a bá dé orí ìtàn, a máa ń fi “ìjà wáyé” bo nǹkan mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ 3 oṣù kọkànlá 1755, Spencer Phips, igbákejì gómìnà Massachusetts, kéde lórúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni tó bá mú awọ orí ọkùnrin Penobscot wá yóò gba 40 pọ́n-ùn. Ti obìnrin tàbí ti ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 12, 20 pọ́n-ùn. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ má sì pe owó 81.5 mílíọ̀nù dọ́là tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà láti san ní 1980 ní ẹ̀bùn. Penobscot àti Passamaquoddy ló gbé ẹjọ́ lọ pé àdéhùn tí wọ́n fi gba ilẹ̀ wọn kò ní àṣẹ Ilé Aṣòfin Àpapọ̀, bẹ́ẹ̀ òfin 1790 sì ti sọ pé dandan ni. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta Maine lọ̀rọ̀ kàn.

Àṣìṣe tó tóbi jù ni kí a ya odò kúrò lára èèyàn. Ìtàn wọn sọ pé kọ̀ǹkọ̀ ńlá kan, Aglebemu, sé omi mọ́, òǹgbẹ sì ń pa àwọn èèyàn. Gluskabe, akọni inú ìtàn wọn, dé, ó gé igi wó lu kọ̀ǹkọ̀ náà, omi ya jáde: ìtì igi di odò Penobscot, ẹ̀ka rẹ̀ di àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Òǹgbẹ mú àwọn kan débi pé wọ́n bẹ́ sómi, wọ́n di ẹja, wọ́n di ìjàpá omi, wọ́n di ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn ará wọn tó ṣẹ́kù lórí ilẹ̀ fi orúkọ ẹran omi wọ̀nyẹn sọ ìdílé. Nítorí náà, nígbà tí dáàmù dí odò tí ẹja ò lè gòkè láti òkun mọ́, ẹbí ni dáàmù dí lọ́nà. Penobscot àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo odò jọ ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi ra àwọn dáàmù kan. Wọ́n wó Great Works ní 2012, wọ́n wó Veazie ní 2013, ẹja sì tún ń gòkè ní mílíọ̀nù. Síbẹ̀, ní 2021, ilé ẹjọ́ kọ́tẹ́milọ́rùn àpapọ̀ dájọ́ pé erékùṣù nìkan ni tiwọn, omi tó yí wọn ká kò sí lára rẹ̀.

Èdè wọn ńkọ́? Madeline Tower Shay, ẹni ìkẹyìn tó gbọ́ ọ dunjú láti kékeré, kú ní 1993, ọ̀pọ̀ sì ti kọ ọ́ pé èdè náà ti lọ. Àmọ́ wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè náà ní Indian Island. Èdè tí wọ́n ń kọ́ padà ni kí ẹ pè é.

Èyí tó kù jẹ́ ti ẹ̀yin tó ń gbé Amẹ́ríkà: ẹ má ná agbọ̀n wọn wálẹ̀ bí ẹni ń ra agbọ̀n tòmátò. Igi ash ni wọ́n fi ń hun ún. Wọ́n á gé e, wọ́n á fi ẹ̀yìn àáké lù ú láti ìdí dé orí, títí ìpele ọdọọdún inú rẹ̀ yóò fi máa ṣí kúrò lára ara wọn ní pẹlẹbẹ. Wọ́n á là á tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fá a kó dán, wọ́n á di koríko olóòórùn dídùn mọ́ ọn. Ní 2018, kòkòrò aláwọ̀ ewé kan tó wá láti Éṣíà, tó ń pa igi ash, dé Maine. Ẹni tó hun agbọ̀n yẹn lè ti rin igbó fún ọjọ́ gígùn kó tó rí ìtì kan ṣoṣo tó dára.