Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ́ńjìnì Tó Bá Ọkọ̀ Òfuurufú Onírédíò Mu

Àyè inú sílíńdà tí písítìnì ń gbà kọjá ni a fi ń mọ bí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú onírédíò (ọkọ̀ kékeré tí a ń fi rédíò darí láti orí ilẹ̀) ṣe tóbi tó, nítorí náà àmì .40 túmọ̀ sí 0.40 íǹṣì oníhà mẹ́ta, èyí tó tó nǹkan bíi 6.5 cc.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá, nítorí ẹni tó ṣe é sábà máa ń sọ ẹ́ńjìnì tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù tó lè gbà. Fún ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí apá rẹ̀ méjèèjì gùn tó 150 sẹ̀ǹtímítà, tí ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ kìlógíráàmù 2.5, ẹ́ńjìnì two-stroke (èyí tó ń jó epo lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan) .40 sí .46 ló yẹ. Èmi a máa yan .46, nítorí agbára díẹ̀ tó lé yẹn wúlò gan-an bí koríko pápá bá ga, tàbí bí ìlú bá wà lórí òkè níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Bí four-stroke ló wù yín, ẹ mú èyí tó tóbi díẹ̀ sí i, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń jó epo nínú ìyípo méjì.

Ẹ́ńjìnì .60 lórí irú ọkọ̀ yìí yóò mú kí imú rẹ̀ wúwo, yóò sì mú kí ó sáré ju ohun tí igi apá rẹ̀ lè gbà lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ yẹra fún un. Abẹ̀bẹ̀ iwájú 10x6 (tó fẹ̀ tó íǹṣì 10, tí ìyípo rẹ̀ kan sì yẹ kó gbé ọkọ̀ lọ síwájú ní íǹṣì 6) bá .40 mu, 11x6 sì bá .46 mu.